Orin Ọmọ Mi Tó Wà Lórí Ìkànnì Ìlú

Ọdún tí fóònù alágbèéká kọ́kọ́ dé Kabba, tí a ń gun orí àpáta ká tó lè gbọ́ ara wa, ọdún náà ni ẹgbẹ́ ìlú wa ní ká ní ìkànnì tiwa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun lè máa rí wa, kí wọ́n sì máa gbọ́ orin wa.

Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ti kú nígbà náà. Nílé wa, bí ọmọ bá kú ṣáájú ìyá, wọn kì í fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kí ìyá máa wò ó. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ lọ, wọ́n kó bàtà rẹ̀ lọ. Kásẹ́ẹ̀tì tó kọrin sí níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló kù, mo fi pamọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gúsí. Nígbà tí ẹgbẹ́ ń wá orin, bàbá wọn ní, "Gbé e fún wọn. Á kúrò nílé, kò sì ní sọnù."

Ọmọ mi ọkùnrin tó mọ kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n pín iṣẹ́ náà: kí ẹnì kan tọ́jú àwòrán, kí ẹlòmíì tọ́jú orin, kí ibi tí a ó ti máa kọ̀wé síra wa wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Àbúrò ọkọ mi, tó jẹ́ alága, rẹ́rìn-ín.

"Bó bá bàjẹ́, ilé ta ni kí n kọ́kọ́ lọ? Èyí á ní òun kọ́, tọ̀hún á ní òun kọ́."

"Bàbá, bí ọ̀kan bá lọ, ìyókù á ṣì wà."

"Ará Lọ́kọ́ja kan wà tó ń ta gbogbo rẹ̀ pọ̀, àwòrán, orin àti ìwé; òun ni a ó mú. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo lè bá jà."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ó parí síbẹ̀.

Ọmọ mi mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ó fi nǹkan bò mí létí. Àbíkẹ́yìn mi ń kọrin. Mo kí i bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ wa, mo ní, "Okun o, ìyá mi." Àwọn tó jókòó yíjú sí mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti tajà tán lọ́jọ́ ọjà, ibẹ̀ ni mò ń yà.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ojú kọ̀ǹpútà ṣófo. Ará Lọ́kọ́ja ti ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Lọ́kọ́ja pa, a ò mọ ibi tó gbà lọ. Àwòrán lọ, ìwé lọ, orin lọ. Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ gbé fún un gan-an wà lọ́dọ̀ rẹ̀. A kò gbà á padà nígbà tó lò ó tán, nítorí ẹrù ọmọ tó kú kì í padà wálé. Ọmọ mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kàn gba agbọ̀n lórí mi, a jọ rìn délé.

Ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ìtàn yìí, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá rẹ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀: bí ọmọ yín bá ṣáájú yín lọ, kí Ọlọ́run má jẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ tán nílé. Ẹ fi díẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín, ẹ gbé díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ará wa ní ìlú Iyah-Gbede. Ẹ jẹ́ kí ojú máa rí i. Ẹkún tí ìyẹn á mú wá sàn ju èyí tí mò ń sun lọ.