Okun Inú Mọ́tò Pupa

Bí ẹ bá gbọ́ ariwo kan ní Kàbà bí ìgbà tí àgbò ńlá ń húkọ́ nínú agolo, ẹ má sá o. Hephzibah ló tan mọ́tò. Ọmọbìnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lẹ́yìn ọjà ni, fóònù rẹ̀ nìkan sì ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ mọ́tò. Yóò wo fídíò, yóò tú ẹ̀rọ, yóò tò ó padà, irin kan á ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, yóò tún lọ wo fídíò.

Bàbá rẹ̀ ló ni mọ́tò ọ̀hún. Bàbá Simon, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú wọn, nígbà tí Hephzibah ò tíì dáyé. Pupa ni, oníjòkó méjì, eré sísá ni wọ́n sì ṣe é fún láyé ọjọ́un. Ó rẹlẹ̀ débi pé bí o bá jókòó sínú rẹ̀, ìwọ àti ewúrẹ́ á máa wo ara yín lójú kòrókòró. Àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti dúró lábẹ́ páànù, tí àwọn adìẹ sọ ọ́ di ilé ìgbẹ̀bí.

Ni Benjamin, ẹ̀gbọ́n Hephzibah, bá dé láti Lọ́kọ́ja. Ó ní òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbi tí mọ́tò wà, òun sì ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀, wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá kàn mú aṣọ, wọ́n ń nu gíláàsì mọ́tò náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Èyí ló gún Hephzibah lọ́kàn.

"Bùọ̀dá, bó bá gbé Bàbá gun òkè dé ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

Orí òkè ni ṣọ́ọ̀ṣì wà, eékún Bàbá ò sì gbé wọn débẹ̀ mọ́. Ní ti ọ̀kadà, wọ́n ní àwọn ò tíì ṣe tán láti lọ bá Olúwa lójúkojú.

Benjamin rẹ́rìn-ín títí. "Èyí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ yìí? Bó bá gbé wọn débẹ̀ láì kú lọ́nà, ọwọ́ ara mi ni n ó fi kọ́lé fún un. Bí ò bá débẹ̀, irin àlòkù ni."

"Mo gbà!"

Àárín òkè yẹn ló le jù, níbi tí Mary ti ń din iṣu, tí àwọn àgbà àdúgbò ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Hephzibah tún mọ́tò ṣe títí ó fi tan, ó sì kọ́kọ́ lọ dán an wò lóun nìkan. Mọ́tò gùn ún, ó gùn ún, ó dé iwájú bẹ́ǹṣì, àwọn àgbà sì kí i bí wọ́n ṣe ń kíra wọn ní Kàbà:

"Okun o, Hephzibah!"

"Ẹ okun o, ẹ̀yin bàbá!"

Pùú! Ẹ̀rọ kú.

Ó ní, "Kò lókun nínú ni. Èmi ni n ó fún un lókun!"

Ẹ̀rọ mọ́tò, bí èèyàn ló rí: bí kò bá rí èémí fà dáadáa, tí kò sì rí i tú síta, kò lè sáré. Ó tú kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ tó gbin tẹ̀tẹ̀. Ó ha èédú kúrò lórí písítìnnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ̀rọ. Ó ní kí wẹ́dà bá òun jó páìpù èéfín tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yéè! Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lójú títì tó tẹ́jú, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àga pẹ́kí! Ó ya ọ̀kadà sílẹ̀. Ó ya bọ́ọ̀sì Ìsánlú sílẹ̀. Kòkòrò kan kó sí i lẹ́nu níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì, ó ń bá ẹ̀rín lọ.

Ó yí sórí òkè. "Okun o!" "Ẹ okun o!" Pùú.

Ó wá kábúrétọ̀ kejì, ó so ó mọ́ àkọ́kọ́. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í bú bí ẹkùn, ó ń mu epo bí ẹni jẹ iyọ̀. Òkè. "Ẹ okun o!" Pùú.

Mary na ṣíbí sí i. "Hephzibah, ṣé kí n máa din tìẹ sílẹ̀ ni? Ibi tí o ń bọ̀ nìyí kẹ̀!"

Sátidé pé. Lọ́rì àwọn oníirin ti ń dúró nísàlẹ̀ òkè. Benjamin lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, ó gbá iṣu díndín mú. Bàbá dé fìlà, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn. Wọ́n gbéra, wúùù!

"Okun o!"

"Ẹ okun o, ẹ̀yin bàbá!"

Pùú.

Ẹ̀rín pa Benjamin, iṣu bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ wò ó! Nínú mọ́tò ló ti ń kúnlẹ̀! Bó bá jẹ́ ìkúnlẹ̀ lo fẹ́, ṣebí kí o sọ̀kalẹ̀ kí o kúnlẹ̀ dáadáa!"

Hephzibah wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Eékún ọ̀tún ti ká, àtẹ́lẹsẹ̀ ti kúrò lórí iná tí a ń tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré, ó ń fì lófuurufú. Háà! Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ẹnu kì í kí àgbà kí orúnkún nà gbọnrangandan. Gbogbo okun tó ń kó sínú ẹ̀rọ, okun ẹnu ló ń kó o jáde, níbi tí òkè ti le jù!

Bàbá ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn. "O ò ṣáà lè kọjá láì kí wọn."

"Kí mọ́tò kúkú jóná ni, Bàbá."

Ó fa bíréèkì ọwọ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọlẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì. "Ẹ okun o. Ẹ okun ìjókòó, okun àárọ̀, okun lílọ, okun bíbọ̀. Mo ti kí yín sílẹ̀ o. Bí mo bá ń kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí mi!"

Bàbá Ernest, tó dàgbà jù níbẹ̀, lu itan. "A ti gbà á. Ẹni tó bá la ẹnu, òun ni yóò ti mọ́tò!"

Hephzibah jẹ́ kí mọ́tò fi ẹ̀yìn yọ́ padà dé ìsàlẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà fi fìlà bo ẹnu. Ẹnu ń yún ọ̀kan nínú wọn, Mary sáré ti iṣu gbígbóná sí i lẹ́nu. Mọ́tò dé iwájú bẹ́ǹṣì, ó ń ké, ó ń ké, ó kọjá!

Ta ló pariwo? Benjamin ni! Ó ti gbàgbé ara rẹ̀, ó ń fò sókè: "Okun o! Okun o!"

Ẹsẹ̀ Hephzibah ò yẹ̀. Bàbá ló ṣí fìlà dá a lóhùn, títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí ẹ bá gba àdúgbò wọn kọjá báyìí, ẹ óò rí Benjamin níbi tó ti ń ru búlọ́ọ̀kù ilé mọ́tò. Bí àgbà kan bá ní, "Okun o, Benjamin!", yóò sọ búlọ́ọ̀kù kalẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, yóò tún gbé e. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni Hephzibah sì ń gba ibẹ̀ kọjá, kó lè kí i, kí búlọ́ọ̀kù tún lè balẹ̀.