Ìfófòó Ẹnu Ẹṣin

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kánjú, orúkọ náà sì bá a dé ìdálẹ̀ níbi tó ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ẹṣin jó. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹṣin á máa rọra gbẹ́sẹ̀ bí ìyàwó tuntun, ẹni tó gùn ún á sì dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Màmá tó ń kọ́ ọ ti darúgbó sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹṣin kan ti ṣẹ́ egungun ìbàdí rẹ̀ rí, ọ̀pá ló fi ń rìn. Òfin kan wà tí kì í fi ṣeré: kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun ẹṣin, wọ́n á kọ́kọ́ fi okùn mú un yí pápá ká, Màmá á wá wo ẹnu rẹ̀ níbi tí irin ìjánu wà. Bí ìfófòó funfun bá wà níbẹ̀, ara ẹṣin ti rọ̀ nìyẹn. Bí ètè bá gbẹ táútáú, inú ń bí i, kí kálukú yàgò.

Dúdú ni ẹṣin tí wọ́n fún Kánjú ń jẹ́, gbígbẹ sì ni ẹnu rẹ̀ ń gbẹ ṣáá. Kì í tàpá, kì í yán. Á kàn dúró, á na etí sẹ́yìn, á máa wo ògiri. Ìdúró yẹn gan-an ló ń ba Kánjú lẹ́rù.

"Bó bá tún gbẹ lọ́la, ẹlòmíì ni mo máa fún," Màmá wí. "Ìwọ á padà sílé."

Padà sílé kẹ̀? Bàbá tó ti ròyìn rẹ̀ ká gbogbo àdúgbò ńkọ́? Ìtìjú á pa á! Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ọ́ fún Kánjú? Nígbà tó fi okùn mú Dúdú yí pápá tán láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yọ ṣúgà lápò, ó tì í bọ ẹṣin lẹ́nu. Kò pẹ́ tí ẹnu ẹṣin fi ń hó bí ọṣẹ.

Màmá dé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹnu ẹṣin, ó fi ìka kan ìfófòó náà. Ojú rẹ̀ wá tàn bíi ti ọmọdé.

"Háà! Ó ti gbà. Ọmọ mi, o ṣe é!" Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ọgbà. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹnu tó rọ̀ báyìí. Jẹ́ kí n gùn ún wò ná."

Kánjú di ìjánu mú. "Màmá, ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́..."

"Ìwọ àti ìkánjú ẹ! Gbé mi lẹ́sẹ̀, jàre."

Bí Kánjú bá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ṣúgà, ilé ló ń lọ. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹsẹ̀ arúgbó, ó tì í sókè. Dúdú ò mira. Etí rẹ̀ nìkan ló lẹ̀ mọ́ ọrùn.

"Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Àfi bí ẹni pé igbe yẹn ni ẹṣin ń dúró dè. Ó ta sókè, ó yí po, ó sì sáré lọ láìsí ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀.

Orí yanrìn ni Màmá wà nígbà tí Kánjú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kọjú sí ibi tí kò yẹ kó kọjú sí. Kò ké.

"Ìfófòó wà níbẹ̀," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Mo rí i. Mo fọwọ́ kàn án."

Kánjú kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Màmá wo ìka tó fi kan ẹnu ẹṣin. Ó rọra fi í sẹ́nu, ó lá a, ó wá wojú Kánjú.

"Ó dùn," ó ní.