Ilé Tí Onílé Ń Gbé

Onílé wa ní Okokomáíkò fẹ́ wó ilé kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó sì fún wa ní oṣù méjì. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mi ò lọ́kọ.

Kí oṣù kan tó pé, mo ti wo ilé mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ mi sì ti wú. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo jókòó fa tábìlì: ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́, àbùdá wọn lókè. Omi ń yọ. Balùwẹ̀ wà nínú. Onílé ń gbé ibẹ̀. Wọ́n béèrè ọkọ. Iṣẹ́ tí mo fi ń yọ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu nìyẹn, kí wọ́n wo àbùdá tó máa ń fa òmíràn lẹ́yìn. Tèmi hàn kedere: gbogbo ilé tí onílé ń gbé, wọ́n béèrè ọkọ. Mẹ́rin nínú mẹ́rin.

Lọ́jọ́ kejì, ejẹ́ǹtì pè mí. "Àǹtí, yàrá àti pálọ̀ wà ní Ìbà, omi ń yọ dáadáa. Mo ti sọ fún màmá tó nilé pé ẹ ń bọ̀."

"Ṣé màmá yẹn ń gbé ibẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà."

"Mi ò lọ."

"Àǹtí, ìka ò dọ́gba o."

Mo pa fóònù. Èmi tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ pé àpẹẹrẹ díẹ̀ ò lè jẹ́rìí ju ara wọn lọ, pé ẹyọ kan tó bá tako òfin ti bà á jẹ́, kí wọ́n wá ẹyọ náà lọ kí wọ́n tó gbà! Mo mọ̀ ọ́n. Ó kàn ti sú mi ni.

Ní báyìí, pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjanikin ni mò ń sùn, láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí òun náà ò lọ́kọ, ní kí n wá wo ilé tuntun tó gbà ní Ìbà. Màmá àgbà kan ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ọ̀rẹ́ mi sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún wọn.

Màmá gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Tíṣà ìṣirò? Ìwọ ni ejẹ́ǹtì sọ pé ó ń bọ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dá yàrá yẹn dúró dè ọ́. Èmi nìkan ni mò ń gbé, obìnrin tó ń dá gbé bíi tèmi ni mo fẹ́. Kí ló dé tí o ò wá?"

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ó rẹ̀ mí ni, mà."