Ohun Tí Ìyá Bọ́láńlé Ń Kọ́ Mi Ní Gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Yéè! Ìyá Bọ́láńlé, ṣé orí ìwé ni mo ti wá ń bá yín sọ̀rọ̀ báyìí? Ó rẹ̀ mí o. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jù yín lọ ni ó yẹ kí ẹ kọ irú èyí fún.

Obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́, onísùúrù tí kì í fi ohùn líle kọ́ni, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi sí yín. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ níṣojú àwọn tó wá sin yín.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń wọkọ̀ láti Erúnmu wá sọ́dọ̀ yín ní Àjíbọ́dé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ń jókòó sí, níṣojú gbogbo ayálégbé. Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú ilé yín a máa pariwo pé, "Màmá, ẹ múra o, àfẹ́sọ́nà yín ti dé láti Erúnmu!" Àwàdà ni tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dé ìjọ yín, ó sì di òótọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọ́n ní kí ẹ má darí àdúrà àwọn obìnrin mọ́. Gbólóhùn kan péré ni ẹ bá fi wẹ ara yín mọ́. Ẹ kò sọ ọ́, nítorí pé èmi ni mo bẹ̀ yín kí ẹ pa á mọ́.

Èdè Tọ́kì ni ẹ ń kọ́ mi. Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi bí ọmọ kan fún ará Tọ́kì ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún láìṣe ìgbéyàwó. Elif ni ọmọ náà ń jẹ́; kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin sì ti bá ọkọ yín olóògbé gbé ìlú wọn rí. Ẹ̀rù ohun tí àwọn ará Erúnmu máa sọ ń bà mí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé ta ni mo fẹ́ bá sọ Tọ́kì.

Èmi tí mo dá ìwé kíkà kọ́ ara mi nínú oko, mo rò pé mo gbọ́n. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sórí páálí pélébé, ẹ tò wọ́n sórí àga: "Ben su içtim." Ẹ ní, "Bàbá, 'èmi omi mu' ni tiwọn. Ohun tí èèyàn ṣe ló ń gbẹ̀yìn." Ìgbà mélòó ni mo fa "mu" wá sí àárín, tí ẹ rọra dá a padà sí ìparí! Ẹ wá mú pẹ́ẹ̀gì tí ẹ fi ń sá aṣọ, ẹ há a mọ́ ìdí páálí "ev", ìyẹn ilé. Pẹ́ẹ̀gì kan, ó di "evim", ilé mi. Pẹ́ẹ̀gì kejì, ó di "evimde", nínú ilé mi. Ẹ ní wọn kì í gbé "nínú" síwájú bíi tiwa, ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ sọ pé "o" ni wọ́n ń pe ọkùnrin àti obìnrin, bí "ó" tiwa gẹ́lẹ́, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó kéré tán, mo ti mọ ọ̀kan láti ilé!"

Lọ́jọ́ tí a rí ara wa kẹ́yìn, ẹ gbé fóònù síwájú mi, mo sì wí fún Elif pé, "Ben senin dedenim." Èmi ni bàbá àgbà rẹ. Ọmọ náà pariwo, "Dede!" Mo sunkún. Ẹ ní, "Bàbá, ẹ sọ fún wọn nílé wàyí. Elif kì í ṣe ohun ìtìjú." Mo ní ó di Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Kí Ìṣẹ́gun ọ̀hún tó pé, ẹ ti lọ.

Nítorí náà, kí gbogbo ẹni tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́ mọ̀: kò sí ohun mìíràn láàárín èmi àti Ìyá Bọ́láńlé ju ẹ̀kọ́ lọ. Mo ní ọmọ-ọmọ kan ní ilẹ̀ Tọ́kì, Elif ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ó máa sọ tèmi.

Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ nígbà tí etí yín ṣì ń gbọ́. Ẹ dárí jì mí. Olùkọ́ mi, orúkọ yín ti mọ́. Ẹ sùn re o.

Akẹ́kọ̀ọ́ yín,
Bàbá Fúnmiláyọ̀, Erúnmu