Síkì Olórí Méjì ti Dorcas Káfíńtà

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Dorcas Bánkọ́lé, kó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìjerò, kó na ìka sí àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán, kó ní, "Ọwọ́ bàbá ẹ rèé." Bàbá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà. Òun ló kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà lóòótọ́, nítorí kò bí ọkùnrin, àmọ́ ṣé òkú ló ń jí fá pákó láàárọ̀ ni? Bẹ́ẹ̀dì tó bá ṣe, òkú ni wọ́n ń yìn. Tábìlì ìdájọ́ tó ṣe fún kóòtù, òkú náà ni. Dorcas á gbé e mì, á sì tún máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi yá gágá nígbà tí Samson gbé iṣẹ́ tiẹ̀ wá ní oṣù keje ọdún 1983. Ọmọ àdúgbò ni Samson, Kánádà ló ti ń kàwé, ó wá lo ìsinmi nílé ni. Ó ní òun ń ṣe eré kan lọ́hùn-ún, lórí òjò dídì tó máa ń bo gbogbo ilẹ̀ nígbà òtútù. Pákó gígùn méjì ni wọ́n ń dè mọ́ bàtà, síkì ni wọ́n ń pè é, wọn á wá fi yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè. Iwájú nìkan ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn ti ká sókè. Èyí tó ká sókè níwájú àti lẹ́yìn lòun ń wá, nítorí nínú eré tòun, èèyàn á máa yí bírí, á sì máa fi ẹ̀yìn yọ̀. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, agbára òun ò sì ká a.

"Àǹtí Dorcas, tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, orúkọ yín ni màá kọ sí i lára. Ẹni tó bá bi mí, màá ní obìnrin kan ní Ìjerò ló ṣe é."

Dorcas wò ó títí. "Ṣé wọ́n mọ bàbá mi níbẹ̀?"

"Ta ló máa mọ̀ wọ́n níbẹ̀?"

"Mo gbà á. Màá ṣe é."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi ṣe é. Ó la arère sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí síkì náà má baà wúwo, ó la ìrókò mọ́ ọn kó má baà dá. Ó se omi nínú dúróòmù, ó ti ìpẹ̀kun àwọn pákó náà bọ inú rẹ̀ títí tí wọ́n fi rọ̀, ó wá dè wọ́n mọ́ ìtì igi kan tó ti gbẹ́ kọdọrọ, kí wọ́n lè gbẹ bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n ká. Ti àkọ́kọ́ là lójú igi. Ó dáná sun ún, kò sọ fún ẹnì kankan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èkejì gbẹ, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n léra, ó gbé àárín wọn sókè díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìgbà téèyàn bá gùn ún ló tó máa lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi fọ́míkà bo abẹ́ rẹ̀. Ní sọ́ọ̀mìlì Aramọkọ, ó tọrọ ayùn ńlá kan tó ti ṣá, ó yọ eyín rẹ̀ dànù, ó fi irin náà ṣe etí fún wọn. Ó gbé wọn sórí òkìtì yanrìn iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó tì wọ́n síwájú, wọ́n lọ. Ó tì wọ́n sẹ́yìn, wọ́n lọ. Ó rẹ́rìn-ín lóun nìkan.

Ọjọ́ Sátidé ni Samson ń padà. Lọ́jọ́bọ̀, Dorcas lọ ra fáníìṣì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Màmá Elizabeth.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Tíṣà Jacob, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló wá gba kọ́kọ́rọ́ náà láti yẹ iṣẹ́ náà wò. Nígbà tí wọ́n wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wọ́n ti rí àwòrán síkì nínú ìwé: orí kan ká sókè, ìdí tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n wo ti Dorcas, wọ́n mi orí. Obìnrin ti ṣi pákó ká, ọmọ tó ti òkè òkun wá á sì fi ìdílé Bánkọ́lé rẹ́rìn-ín. Ni wọ́n bá mú ayùn lára ògiri, wọ́n gé ìdí méjèèjì, wọ́n fi sáńpépà dán ojú rẹ̀, wọ́n kó àwọn ègé náà sápò.

Wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀ nígbà tí Dorcas dé. "Mo ti bá ọ tún un ṣe," ni wọ́n wí.

Dorcas gbé síkì kan, ó fọwọ́ pa ojú ibi tí wọ́n gé. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Dorcas, kúnlẹ̀, kí o dúpẹ́," ni ìyá rẹ̀ ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Uṣẹ́ ni wọ́n bá ọ ṣe."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àgbà bá ọ fọwọ́ kan nǹkan, o kúnlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Dorcas ti ń kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yìí. Ó kúnlẹ̀ fún wọn lọ́dún tí bàbá rẹ̀ kú, tí wọ́n ní kó ta irinṣẹ́ kó lọ máa ta aṣọ. Ó kúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n mú téèpù wá wọn àga ìwàásù tó kàn fún ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá ó tọ́. Lọ́jọ́ náà, kò kúnlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Samson dé, Bàbá Tíṣà náà ti dé láti wá gba ọpẹ́ tiwọn. Wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe yọ ọmọ wọn nínú ẹ̀tẹ́. Samson wo pákó náà, ojú rẹ̀ fà ro. Ó wá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, bàbá. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ibi tó dun Dorcas jù nìyẹn. Ó gbé síkì kan, ó gbé e jáde sórí òkìtì yanrìn, ó tì í síwájú. Ó yọ̀ lọ. Ó tì í sẹ́yìn, ìdí gígé náà rì sínú yanrìn, ó dúró. Ó tún tì í, ó ń fi gbogbo agbára tì í, títí yanrìn fi bo ìdajì rẹ̀.

"Ẹ̀yìn kẹ̀?" ni Bàbá Tíṣà wí. "Ta ló ń fi ẹ̀yìn rìn?"

Samson ń wolẹ̀. "Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn, bàbá."

"Èé ṣe tí o ò fi sọ fún mi, Dorcas?"

"Ẹ ò bi mí. Ká ní ọkùnrin ló ṣe é, ẹ̀yin ìbá bi í."

Màmá Elizabeth ká ọwọ́ lérí. Bàbá Tíṣà ní láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá òun sáyé, ọmọ kan ò tíì sọ irú ẹ̀ sí òun rí, wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n lọ. Samson bẹ̀bẹ̀ pé kí òun ṣáà gbé e lọ bó ṣe wà.

"Kì í ṣe iṣẹ́ mi mọ́," ni Dorcas wí. "O ò ní kọ orúkọ mi sí nǹkan tí ẹlòmíràn gé."

Ọwọ́ òfo ni Samson fi wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ẹbí pe ìpàdé, wọ́n ní kí Dorcas lọ tọrọ àforíjì. Kò lọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ọdún kejì kí Bàbá Tíṣà tó tún fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Dorcas ń fá ilẹ̀kùn kan. Ó kí wọn, wọ́n sì dá a lóhùn. Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú ègé pákó méjì jáde, wọ́n ń yí wọn wò lọ́wọ́ bí ẹni pé wọn ò rí wọn rí.

"Dorcas," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, "kí ni èyí wà fún gan-an?"

"Kéèyàn lè máa fi ẹ̀yìn lọ kó má rì, bàbá."

Wọ́n mi orí, wọ́n ní ó ti yé àwọn. Ni omi bá bọ́ lójú Dorcas níwájú wọn, kì í ṣe omi àánú, omi ìbínú ni, nítorí ìbéèrè náà àti ìdáhùn rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.