Láfún Lórí Àpáta Funfun

Ní Kuta tí wọ́n ti bí mi, orí àpáta la ti ń sá láfún. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ títí á fi kan, a ó fún un, a ó wá tú u sórí àpáta tó ti gbóná. Àpáta wa le. Omi òjò tó bá dúró sí kòtò orí rẹ̀, oòrùn ló máa fà á gbẹ. Ìyá mi a máa sọ pé ẹni tó bá jẹ yẹ̀pẹ̀ nínú oúnjẹ rẹ kò ní gbàgbé orúkọ rẹ.

Nígbà tí Bàbá Múrí, ọkọ mi, ríṣẹ́ katakata wíwà níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, mo bá a lọ sọ́nà jíjìn. Àwọn òkè kéékèèké funfun ló tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, àwọn òkè gíga sì wà lẹ́yìn wọn. Omi ibẹ̀ ló yà mí lẹ́nu. Odò á ṣàn wálẹ̀ láti òkè gíga, tó bá dé ẹsẹ̀ òkè funfun, á kó wọ ihò, ó di òdì kejì kó tó yọ. Bí òjò ṣe ń dá báyìí, orí àpáta ti gbẹ. Mo ní áà, ibi tí wọ́n ń sá láfún sí rèé! Orí ẹní làwọn obìnrin ibẹ̀ ń sá tiwọn sí. Mo ní ìmẹ́lẹ́ ló ń bá wọn jà.

Alhaja tó ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ ní kí n máa gbé láfún wá. Inú mi dùn, nítorí mi ò fẹ́ jókòó máa wo ọwọ́ ọkọ. Mo sá a sórí àpáta funfun náà, mo gbé e lọ. Kò pẹ́ tí Alhaja fi ránṣẹ́ pè mí.

"Ìyá Múrí, ṣé sìmẹ́ńtì lo fẹ́ fi bọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo sẹ́ ẹ dáadáa."

"Gbé òmíràn wá. Tí yẹ̀pẹ̀ bá tún wà níbẹ̀, má wulẹ̀ padà wá mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo fọ àpáta náà mọ́, mo tú ẹ̀gẹ́ tuntun sí i, mo jókòó tì í kí ewúrẹ́ má baà débẹ̀. Bí omi kíkan ṣe ń ro sílẹ̀, mo gbọ́ tí àpáta ń hó. Mo fọwọ́ kàn án, lẹ́búlẹ́bú funfun lẹ̀ mọ́ mi níka. Mo figbe bọnu, mo pe ọkọ mi.

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Òkúta ẹfun ni. Òun là ń fọ́ tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ohun kíkan a máa jẹ ẹ́."

Àṣé Alhaja ò bú mi. Òkúta tí omi lásán ń gbẹ́ ihò sí nínú, kí ni omi ẹ̀gẹ́ ò ní fi ṣe? Mo dà á nù, mo lọ yá ẹní lọ́wọ́ àwọn tí mo pè ní ọ̀lẹ. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kí wọ́n tó fún mi. Alhaja tọ́ èyí tí mo gbé lọ wò, wọ́n ní, "Láfún rèé." Mo ṣe iṣẹ́ náà títí ọkọ mi fi fẹ̀yìn tì.

Ìwó là ń gbé báyìí. Lẹ́yìn tí a padà dé, mo ru ẹ̀gẹ́ lọ sórí àpáta ìyá mi ní Kuta. Kí n tó tú u sílẹ̀, mo da omi kíkan rẹ̀ díẹ̀ sórí àpáta náà, mo tẹ́tí sí i. Kò hó. Mo fọwọ́ nù ún, ọwọ́ mi mọ́. Ayọ̀ mi pọ̀ débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo bá tú láfún mi lé e.