Ẹ-Lọ-Tún-un-Kọ

Ẹ-Lọ-Tún-un-Kọ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ obìnrin náà lẹ́yìn, nítorí kò sí iṣẹ́ tí wọ́n mú wá tí kì í dá padà. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn oníṣirò, àwọn tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ, gbogbo wọn ni yunifásítì dà lé e lọ́wọ́ pé kó kọ́ wọn ní àròkọ. A máa fi báírò pupa kọ ìbéèrè sí etí ìwé wọn títí ọwọ́ rẹ̀ á fi kú tipiri. Wọn ò kà á. Ó ń da omi sẹ́yìn igbá, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ẹyọ ẹnì kan péré tó máa gbọ́ ló kù tó ń wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe afárá wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń yọ̀ ṣìnkìn.

"Mà, mo ti tún un kọ. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo ṣe."

Inú olùkọ́ dùn dọ́ba. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á:

"Afárá náà wó nítorí irin rẹ̀ ti dípẹtà. Ta ló sọ fún ọ? Omi ló fà á. Omi wo? Ọmọ yìí, ẹ̀rí dà?"

Gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ni ọmọ náà ti dà kọ sáàárín àròkọ, kò fo ẹyọ kan.

Wọ́n ní ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ̀, kò wá. Ó mú báírò, ó fẹ́ kọ "Kí lèyí?" sí etí ìwé náà.

Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ kọ tòní kó hàn dáadáa. Ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi nígbà tí mò ń da tìjọ́sí kọ."